C6 Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Tí wọ́n bá ní ẹnìkan wà nílẹ̀ òkèèrè, ohun tó máa ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn ni yìnyín, ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀wù òtútù. Ilẹ̀ òkèèrè tèmi kò ní ìkankan nínú wọn. Ṣàngó-Ọ̀tà ni. Kétu ni wọ́n ti bí mi, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi Yorùbá kí ara wa nílé, tí a sì ń fi Faransé kàwé. Ẹni tó bá kúrò ní Kétu láàárọ̀ lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Ọ̀tà. Síbẹ̀, láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnìkan má rán mi létí pé èmi kì í ṣe ọmọ ibí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo dé. Tíṣà ni bàbá mi, Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà ní Faransé, ni gbogbo ìlú ń pè é. Ní kíláàsì rẹ̀, orí ẹni tó gbẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì ìdánwò, títí yóò fi kan ẹni tó gba ipò kìíní. Ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn ọlẹ sùn. Mo lo ọdún méjì ní kíláàsì yẹn, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára kí wọ́n tètè pe orúkọ ẹni.

Lọ́yà ni mo fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde girama, díẹ̀ báyìí ló kù kí n fìdí rẹmi. Mo yege, àmọ́ yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wa ní máàkì mi kò tó ti ẹni tó fẹ́ ka òfin. Bàbá mi kò bá mi wí. Ó kàn ká ìwé èsì náà, ó fi sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde lọ. Àǹtí Àdùkẹ́, àbúrò rẹ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ ní Ṣàngó, ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ní ní Nàìjíríà, èèyàn lè tún ìdánwò ṣe títí yóò fi yege, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Èmi náà gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni mo rí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike: garawa, abọ́, àti àwọn àga tí wọ́n máa ń háyà fún ìnáwó. Gbogbo èèyàn ló ti sọ fún mi pé ariwo ẹ̀rọ máa dẹ́rù bà mí. Ẹnu ọ̀nà ló dẹ́rù bà mí. Gbogbo wa máa ń tò sí ìlà, àwọn ẹ̀ṣọ́ á tú àpò wa, wọ́n á fọwọ́ pa wá lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀, nígbà tí a bá ń wọlé àti nígbà tí a bá ń jáde. Ohunkóhun tó bá jẹ́ irin, ì báà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé tàbí pínnì irun, inú abọ́ kan tó wà lórí tábìlì wọn ló máa wà títí a ó fi máa lọ sílé.

Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan kọjú sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ní, "Wetin dey your head?"

Mi ò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, Faransé ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá wo ọmọ Kútọnu. Kútọnu ni mo ń jẹ́ láti ọjọ́ náà, èmi tí mi ò tíì dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé mi.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ló sọ ọ́ yé mi. "Ó ní kí ló wà lórí ẹ. Tú gèlè ẹ, kó rí i pé o ò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀." Rísíkátù lorúkọ rẹ̀, Ìlaròó ló ti wá. Nígbà tí a wọlé, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa dúró ti ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò fi ní máa ta sí mi lójú. A jọ dúró sídìí ẹ̀rọ yẹn fún ọdún méjì.

Ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nílé ni irú àìrẹ́nibárìn tó wà nínú kí èèyàn gbọ́ èdè àwọn tó yí i ká. Ká ní mi ò gbọ́ Yorùbá ni, ǹ bá ti gbà pé àlejò ni mí, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ń gbọ́ nígbà tí aládùúgbò bá ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fi fóònù sílẹ̀ nítòsí ọmọ Kútọnu. Tí mo bá lanu, tí ohùn Kétu bá jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Yorùbá àtijọ́ ni mò ń sọ, bíi ti ìyá wọn àgbà. Inú wọn máa ń dùn sí i. Wọ́n á ní kí n tún sọ òmíràn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ilé tí a ń gbé máa ń tú jáde lọ sí ìsìn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ kan nítorí pé ilé dá. Pásítọ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àjákọ. Pásítọ̀ á sọ tirẹ̀, màá kọ ọ́, ògbufọ̀ á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, màá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé ìgbàgbọ́ mi ló lágbára. Rísí, tó jẹ́ Mùsùlùmí, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní bí mo ṣe ń bá a lọ yìí, ẹnu ìwàásù ni màá fi bá adájọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama ti Nàìjíríà, D7 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo dára nínú gbogbo ìyókù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún un ṣe, mo gba C6. C6 ni èyí tó kéré jù nínú máàkì tí yunifásítì ń gbà. Àǹtí Àdùkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó gbá mi mọ́ra lójú pópó, ó ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé lọ́yà ni mí. Mo pe Kétu.

Bàbá mi ní, "Kí ló wà lókè C6 yẹn?"

Mo ní, "C5, bàbá."

"Lókè ìyẹn ńkọ́?"

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: C4, B3, B2, A1.

"Márùn-ún ló wà lókè ẹ nìyẹn," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun kí mi kú oríire.

Oṣù méjìdínlógún ni mo fi kọ́ èdè tí mo fi gba C6 yẹn. Mi ò bínú sí máàkì náà nígbà yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé yóò máa tẹ̀ lé mi kiri bí òórùn èéfín ṣe ń tẹ̀ lé aṣọ.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa yunifásítì. Mo ṣe dáadáa níbẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, níbi tí a ti ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn kí wọ́n tó dé wa ní wíìgì, ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ìwé márùn-ún ni a kọ. Ìlànà wọn níbẹ̀ ni pé èyí tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n á fi pe gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin nínú tèmi dára gan-an. Nínú ìkarùn-ún, èyí tó jẹ mọ́ ilẹ̀ àti ilé, mo ka ìbéèrè kan ní àkàtúnkà, mo sì ṣì í lóye. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ lọ́ bí okùn. Bí mo ṣe gba Pass nìyẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn tó yege.

Mo wọ wíìgì mi, mo ya fọ́tò, mo sì fi ránṣẹ́ sí Kétu. Bàbá mi pè. Ó béèrè ipò tí mo gbà. Mo sọ fún un.

"Ó dáa náà," ló sọ.

Mo kọ̀wé sí àwọn ọ́fíìsì lọ́yà ńláńlá ní Èkó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń ní ká kọ gbogbo nǹkan sí: kí lo gbà ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé girama, ṣé ìjókòó kan ni o fi ṣe ìdánwò náà àbí méjì, kí lo gbà nílé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Ti àwọn kan, bí mo bá ti fọwọ́ kan Pass báyìí, ojú ìwé náà á yí padà, á ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù, iṣẹ́ tí èmi náà sì fẹ́ ṣe nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pè wọ́n lórí fóònù. Obìnrin tó dá mi lóhùn kò kanra mọ́ mi rárá.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ìwé tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ. A gbọ́dọ̀ wá ibì kan gé e."

Mo ti ń ronú àtipadà sídìí ike nígbà tí Àǹtí Àdùkẹ́ gbọ́ nípa Lọ́yà Odùńtàn. Bàbá àgbàlagbà ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ọ̀tà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé. Mo kó gbogbo ìwé ẹ̀rí mi dání. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti fáìlì kan sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ka èyí. Tí o bá parí, kí o sọ fún mi ibi tí irọ́ wà nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ilé tí àwọn ọmọ ìyá méjì ń jà lé lórí ni. Mo kà á fún bíi wákàtí méjì. Mo ní ẹ̀gbọ́n sọ pé bàbá wọn fọwọ́ sí ìwé náà ní Ọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ìwé dókítà tó wà nínú fáìlì kan náà fi hàn pé bàbá wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà.

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí. "Wá ní Mọ́ńdè," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn, kò fìgbà kankan béèrè ohun tí mo gbà nínú ìdánwò kankan.

Fèrèsé mi kọjú sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn tí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mi náà máa ń gbabẹ̀ bọ̀. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún, àwọn tí a jọ dàgbà ní mo ti di ará Nàìjíríà. Wọ́n ní mo ti ń yára sọ̀rọ̀ jù, mo sì ti ń sọ pé "ṣebí" ní gbogbo ìgbà. Ìyá mi ní kí n má bá wọn dúnàádúrà lọ́jà, torí wọ́n á fowó lé e. Mo padà sí Ọ̀tà, akọ̀wé kóòtù kí mi káàbọ̀, ó ní, "Kútọnu wa ti dé." Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n bínú sí.

Ọdún kẹta tí mo ti wà lọ́dọ̀ Lọ́yà Odùńtàn ni Rísí gun àtẹ̀gùn wa wá. Ó ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ike ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó fi ìborùn wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó jókòó, ó tú u, mo sì rí i pé ìka méjì ti lọ.

Iléeṣẹ́ ní ẹ̀bi rẹ̀ ni. Irin kan wà tí wọ́n fi ń dé ẹnu ẹ̀rọ náà kí ọwọ́ má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n ní Rísí ló ṣí i fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwòsàn. Ó ní wọ́n ti ṣí ìdérí yẹn kúrò láti bí oṣù kan, súpáfásọ̀ ló ní kí wọ́n ṣí i.

"Ṣé o rò pé wọ́n á gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́?" ó bi mí. "Ìwé mẹ́fà ni mo kà."

A pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn lọ́yà mẹ́ta ló yọjú fún iléeṣẹ́ náà láti Èkó. Mo wo orúkọ ọ́fíìsì wọn lórí ìwé tí wọ́n mú wá. Àwọn tí mo kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀mẹta ni.

Lọ́yà Odùńtàn yẹ kó ṣe ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń dà á láàmú. Ó ní, "Ìwọ lo mọ inú iléeṣẹ́ yẹn. Dìde."

Máníjà tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ni ẹlẹ́rìí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò dáadáa. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Ó ní kò sí iléeṣẹ́ tó ń yẹ èèyàn wò tó tiwọn ní gbogbo agbègbè Ọ̀tà. Ó ní pínnì irun pàápàá kì í kọjá.

Mo ní, "Ní gbogbo ọjọ́?"

"Lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó lè mú irin wọlé."

Mo bi í pé kí ni wọ́n fi de ìdérí yẹn mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní bóòtù mẹ́jọ ni. Mo ní ṣé ọwọ́ lásán lè tú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, sípánà ni.

"Ta ló ń tọ́jú sípánà?"

"Mẹkáníìkì wa. Inú àpótí ló ń tì í mọ́."

"Ṣé òṣìṣẹ́ lè yá a lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Òfin wa kò gbà á. Kò ṣẹlẹ̀ rí."

"Ṣé Rísíkátù lè mú tirẹ̀ wá láti ilé?"

Ó wo àwọn lọ́yà rẹ̀. Adájọ́ dá bírò rẹ̀ dúró, ó gbójú sókè wò ó. Mo ní mo ti parí ìbéèrè mi, mo sì jókòó. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, láti òkè délẹ̀. Mo sọ "these" bí ẹni ń sọ "díìsì", kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ mi yé.

Adájọ́ dá Rísí láre. Ó ní kí iléeṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún un. Wọ́n san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n falẹ̀. Rísí kò jó, kò kígbe. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí itan, ó ń wò ó. Ó ní, "Wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Ọ̀gá àwọn lọ́yà Èkó náà bá mi lójú àtẹ̀gùn kóòtù. Arákùnrin tó nírẹ̀lẹ̀ ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" ó bi mí.

Mo nawọ́ sí Lọ́yà Odùńtàn tó jókòó sínú mọ́tò.

"Ibi tí a wà ló yẹ kí o wà," ó ní. "Kó àwọn ìwé ẹ ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ yìí. Sọ pé èmi ni mo ní kí o fi ránṣẹ́."

Mi ò sọ fún un pé wọ́n ti rí i rí. Mo fi ránṣẹ́. Mo tilẹ̀ ní kí Lọ́yà Odùńtàn kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi, ó sì kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní wọ́n gbóríyìn fún mi, àmọ́ èsì ìdánwò mi kò dé ojú ìwọ̀n tí ọ́fíìsì wọn fi lélẹ̀. Wọ́n tò ó sílẹ̀: Pass nílé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, C6 ní Gẹ̀ẹ́sì, ìjókòó méjì. Ọ̀gá náà pè mí lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún lóòótọ́.

"Ìlànà ni," ó ní. "Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ fún ẹnìkan, gbogbo ayé á fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́."

Mo ní mo gbọ́, sà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, ìdúpẹ́ yẹn ló ń bí mi nínú ju lẹ́tà náà lọ. Ọjọ́ tí mo borí wọn ní kóòtù, kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè ohun tí mo gbà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbé lẹ́tà náà síwájú Lọ́yà Odùńtàn. Kò kà á.

"Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn," ó ní.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?"

"Ṣé o máa gbà mí gbọ́? Ńṣe ni wàá rò pé mi ò fẹ́ kí o lọ." Ó yí bírò ọwọ́ rẹ̀ po. "Òótọ́ sì ni pé mi ò fẹ́."

Mo pe bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti sọ fún un pé a jàre, àti pé àwọn ará Èkó ní kí n kó ìwé mi wá, ó sì ti ròyìn rẹ̀ kárí àdúgbò. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Mo sọ fún un pé wọn ò gbà mí.

"Kí ni wọ́n ní kò tó?"

"Gẹ̀ẹ́sì wà lára ẹ̀, bàbá. C6 yẹn."

Mò ń gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ lágbàlá wa.

"Mo máa ń rò ó nígbà yẹn," ó ní, "pé tí mo bá ka orúkọ ẹni tó gbẹ̀yìn síta, ojú á tì í, á ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣé wọ́n máa ń ṣe dáadáa?"

"Àwọn kan."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni bàbá mi wí. "Wọn kì í padà wá."

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Lọ́yà Odùńtàn jókòó sílé, ọ́fíìsì sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ wà, nítorí pé lẹ́yìn ẹjọ́ Rísí, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kò yéé gun àtẹ̀gùn wa. Rísí fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí tó ń gba àlejò, ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Agbára mi kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Mo ní mo ń wá lọ́yà kan tó máa ràn mí lọ́wọ́. Mo fi ìkéde náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé sì ń wọlé bí òjò, láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti ibi tí mi ò tíì dé rí.

Mo ní ẹjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ náà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní wéréwéré. Ó ti fẹ́ẹ̀ tán nígbà tí Rísí gbé omi wọlé fún mi.

"Èwo ni ti ilẹ̀ yìí?" ó bi mí.

Mo wo ilẹ̀. Òkìtì bébà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Mi ò sọ fún ara mi pé ohun tí mò ń ṣe nìyí. Ọwọ́ mi kàn ń ṣe é ni: èyí tó bá gba máàkì gidi á lọ sórí tábìlì, èyí tó bá gba Pass á lọ sílẹ̀. Mi ò ka lẹ́tà ìkankan nínú àwọn ti ilẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," mo ní. Ó gbé omi kalẹ̀, ó jáde.

Mo kó wọn nílẹ̀, mo sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Mo pe àwọn mẹ́ta nínú wọn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì pe mẹ́ta nínú àwọn ti orí tábìlì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ni mo fún ní fáìlì kan pé kí wọ́n wá irọ́ inú rẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti orí tábìlì ló kọ́kọ́ rí i, àlàyé rẹ̀ sì ṣe kedere. Ọmọbìnrin kan tó gba Pass náà rí i, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tó ń ṣàlàyé. Mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́. Ó wà níbí di òní, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò dúró kí n kọ lẹ́tà sí òun. Itele ló ń gbé, kò jìnnà, ó padà wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè láti béèrè. Mo sọ fún un pé ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé àpò rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ṣé nítorí èsì mi ni?"

Rísí gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí. Àwọn méjèèjì ń wò mí.

Mo ní rárá. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní ìyẹn ti tó òun. Mò ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi délẹ̀. Rísí fi ọwọ́ òsì fa ìwé àlejò mọ́ra, ó sì kọ aago tí ọmọbìnrin náà jáde síwájú orúkọ rẹ̀. Èmi jókòó, mo ń ronú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mi ò sì lè sọ bóyá òótọ́ ni.